Bàbá tó fẹ́ padà sórí rédíò, ẹ ní sùúrù díẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà nínú ìwé ìròyìn yín ni mo máa ń rà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí kò bá wá sí kọ́sítọ́mà mo tún máa ń ka torí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló mú mi jókòó kọ eléyìí. Bàbá ní àwọn ò búráúsì mọ́, pé gbogbo ibi tí àwọn bá ṣí, ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fò jáde, dátà ń lọ bí omi, fóònù ń gbóná bí àyà ìkòkò, ìròyìn gan-an tí àwọn sì torí ẹ̀ wọlé ò ju ìlà mẹ́rin lọ, nítorí náà àwọn ti padà sórí rédíò. Ẹ̀rín pa mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tó yá àánú wọn wá ṣe mí, torí pé gbogbo ohun tí bàbá sọ, òótọ́ ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Èmi ní káfẹ́ kan ní Under G níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 2007 ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn ọmọ yunifásítì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, tí àwọn mìíràn ń sùn mọ́jú nídìí kọ̀ǹpútà, night browsing là ń pè é nígbà yẹn. Ní báyìí gbogbo èèyàn ló ti ní íntánẹ́ẹ̀tì lápò, káfẹ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì ń gbé fóònù tó ń ṣe wèrè wá fún mi kí n bá wọn wò ó. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò sí nínú iṣẹ́ tí mo kọ sára bọ́ọ̀dù o, àwọn aládùúgbò ló fi jẹ mí lóyè.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé kí lẹ fi ń búráúsì, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé 'Google ni.' Google kọ́ nìyẹn. Google ni ẹni tẹ́ ẹ dúró bi lójú títì pé níbo ni ilé lágbájá wà, búráúsà ni ọkọ̀ tó gbé yín débẹ̀. Chrome, Firefox, Opera, Safari inú iPhone, ọkọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ wa ò yan ọkọ̀ tá à ń wọ̀, Chrome ló bá fóònù wá látinú páálí, a wá rò pé kò sí òmíràn. Bàbá, ó jọ pé ọkọ̀ yẹn ló ń jo epo, tẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ò rìnrìn àjò mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Màmá kan tó ń ta gaàrí nítòsí wa. Wọ́n gbé fóònù wọn wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tí àwọn ṣẹ̀. Àtàárọ̀ dòru ni fóònù ń dún, tí wọ́n bá wò ó, wọ́n á rí i pé kòkòrò mẹ́tàlá ti wọnú fóònù yín, ẹ tètè tẹ ibí, tàbí pé ẹ ti jẹ iPhone, tàbí kó jẹ́ àwòrán obìnrin tí kò wọṣọ, èyí gan-an ló dùn wọ́n jù torí pé àárín ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ló ti yọjú. Ọmọ wọn ti ní kí wọ́n lọ fọ́máàtì ẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe gbowó lọ́wọ́ wọn, ó nu gbogbo inú ẹ̀ kanlẹ̀, fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn lọ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ nǹkan ọ̀hún tún padà dé. Wọ́n ti ń wá wòlíì nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo bi wọ́n pé ibo lẹ ti ń gbọ́ orin, wọ́n ní wẹ́bùsáìtì kan ni àwọn ti ń da orin ìyìn sórí fóònù. Mo ní kí wọ́n ṣí i níṣojú mi. Bó ṣe ṣí báyìí, àpótí kékeré kan jáde lókè, ó ń béèrè pé ṣé kí òun máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí yín, Allow tàbí Block, Màmá ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Allow ni wọ́n tẹ̀ torí wọ́n rò pé tí àwọn ò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sí kòkòrò kankan nínú fóònù, àlejò tí wọ́n fúnra wọn fún ní kọ́kọ́rọ́ ló ń pariwo nínú ilé. Mo wọnú Chrome, mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, mo wọ Settings, mo wọ Site settings, mo wọ Notifications, mo bá orúkọ wẹ́bùsáìtì rẹpẹtẹ tó tò síbẹ̀ bí èrò ìsìnkú, mo pa gbogbo wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Màmá fún mi ní gaàrí kóńgò kan, gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan gan-an, mi ò jẹ́ kí wọ́n sanwó. Títí dòní, ohunkóhun tó bá béèrè Allow lọ́wọ́ wọn, Block ni wọ́n ń tẹ̀, kódà wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún àpù bánkì wọn, a ṣì ń yanjú ìyẹn lọ́wọ́.

Tìpolówó ló kàn. Nínú gbogbo nǹkan tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kékeré kan báyìí tí wọ́n ń so mọ́ búráúsà kó lè máa dí ìpolówó, uBlock Origin ló ń jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raymond Hill ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2014, ọ̀fẹ́ ni, kì í tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ò rí i pé èèyàn gidi ṣì wà láyé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: tẹ́ ẹ bá ṣí ìròyìn kan, ojú ewé yẹn nìkan kọ́ ni fóònù yín ń lọ gbé wá o, ó tún ń yà sílé ìpolówó kan, ó ń yà sí òmíràn, ó ń yà sọ́dọ̀ àwọn amí tó ń ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ kà lánàá, gbogbo ìrìn àjò yẹn dátà yín ló ń sanwó ọkọ̀ ẹ̀. uBlock ní ìwé orúkọ àwọn ilé wọ̀nyẹn lọ́wọ́, tí búráúsà bá fẹ́ yà síbẹ̀ á ní rárá, ẹ máa bọ̀ tààrà. Nítorí náà ìpolówó ò tiẹ̀ kúrò nílé ẹ̀ débi tí wọ́n á máa fi aṣọ bò ó. Mo ti ṣí ìròyìn kan náà lórí fóònù méjì níwájú kọ́sítọ́mà rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, èyí tí kò ní i ṣì ń yí bí òkòtó, èyí tó ní i la ti ń kà.

Ohun tó kù níbẹ̀ ni pé Chrome orí fóònù ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára, Firefox ló gbà á lórí Android. Àwọn Mozilla ló ṣe Firefox, ó ti wà láti 2004, ó pẹ́ ju Chrome fúnra ẹ̀ lọ torí 2008 ni ìyẹn jáde. Lórí kọ̀ǹpútà, Chrome ń gba uBlock Origin tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Google tó ni Chrome yí òfin nǹkan tí wọ́n lè so mọ́ ọn padà, Manifest V3 ni wọ́n pe òfin tuntun yẹn, ní 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lọ ní 2025, ó ku àbúrò ẹ̀ tó ń jẹ́ uBlock Origin Lite, ó ń gbìyànjú ṣùgbọ́n kò lágbára tó ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo kọ̀ǹpútà káfẹ́ mi sórí Firefox. Àwọn kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ ráhùn, wọ́n ní Google dà, mo ní ẹ jókòó, Google wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ìpolówó yẹn la fi ń sanwó oṣù, ìwọ ń kọ́ àwọn èèyàn láti dí i, o sì tún fẹ́ ká gbé lẹ́tà ẹ jáde. Ẹ gba ọ̀rọ̀ sọ. Èmi náà ń tajà, mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ló ń bá a sanwó ẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lórí uBlock tẹ́ ẹ lè fi pa á lórí wẹ́bùsáìtì kan ṣoṣo, mo pa á lórí tiyín, ìpolówó yín ń jáde fún mi dáadáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi náà o: èyí tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn, mo lè fara mọ́ ọn, ti orí bébà náà bẹ́ẹ̀ ló rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èyí tó ń bo ìròyìn mọ́lẹ̀, tí àmì X ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ pa á ńṣe ló máa ṣí òmíràn, ìyẹn gan-an ló lé bàbá padà sórí rédíò.

Fún ẹni tí ojú ń dùn, ohun kan tún wà nínú Firefox àti Safari tí wọ́n ń pè ní Reader, àmì bí ewé ìwé ló máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo kẹ́kẹ́yẹ̀kẹ̀ máa pòórá, ọ̀rọ̀ ìròyìn nìkan ló máa kù, ẹ lè sọ lẹ́tà ẹ̀ di ńlá, ẹ lè sọ ẹ̀yìn ẹ̀ di dúdú tẹ́ ẹ bá ń kà á lóru. Bàbá mi tó bí mi lọ́mọ, tí wọn ò lè kàwé láìsí jígí tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi Reader kàwé láìsí jígí báyìí, wọ́n wá rò pé èmi ni mo ṣe é. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún wọn.

Ní ti dátà, mi ò lè má dárúkọ Opera Mini. Àwọn ará Norway ló ṣe é, 2006 ni wọ́n tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Nokia 2700 ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, òun ló kọ́ gbogbo wa ní búráúsì. (Ọ̀rọ̀ free browsing tá a fi í ṣe láyé ọjọ́un, ẹ jẹ́ ká fi bò ó mọ́lẹ̀, mo ti di bàálé ilé.) Ọgbọ́n ẹ̀ ni pé ojú ewé ò ní wá sọ́dọ̀ yín tààrà, kọ̀ǹpútà àwọn Opera ló máa kọ́kọ́ lọ gbé e, á ká a kóńkó bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó sí báàgì ìrìn àjò, fọ́tò ńlá á di kékeré, kó tó wá fi ránṣẹ́. Ó ṣì wà lórí fóònù Android, tẹ́ ẹ bá fi sí Extreme, ìyẹn ibi tó ti ń ká ojú ewé kóńkó jù, MB díẹ̀ máa gbé yín rìn jìnnà, ẹni tó bá ń gbé lápá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń fò bí ẹyẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Extreme ṣí bánkì o. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ojú ewé yẹn ń gbà kọjá, bọ́tìnnì ibẹ̀ tiẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ pàápàá. Búráúsà méjì ni mo ní lórí fóònù tèmi, Opera Mini fún ìròyìn àti bọ́ọ̀lù, Firefox fún ohun tówó bá wà nínú ẹ̀.

Àwọn kéékèèké tí mi ò lè ṣe láìsí, kí n kàn mẹ́nu bà wọ́n: Ctrl àti Shift àti T máa ń dá táàbù tẹ́ ẹ ṣèèṣì pa padà, mo ti fi gba omi ojú kúrò lójú ọmọ kan tó kọ fọ́ọ̀mù débi ojú ewé kẹfà. Incognito, ìyẹn búráúsì ìkọ̀kọ̀, kì í sọ yín di àǹjọ̀nú, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ń rí ibi tẹ́ ẹ lọ, ohun tó ń ṣe ò ju pé kò ní rántí yín lórí kọ̀ǹpútà yẹn lọ, ṣùgbọ́n ní káfẹ́ ohun tẹ́ ẹ nílò gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n yéé tẹ Save tí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn bá béèrè pé ṣé kí n bá ẹ pa páswọ́ọ̀dù ẹ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo ni mò ń nu kọ̀ǹpútà mi, ohun tí mò ń bá níbẹ̀ bá mi lẹ́rù, tó bá jẹ́ olè ni mí mi ò bá ti kọ́lé.

Èyí tó kàn yìí, àwọn oníròyìn gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi tẹkúntẹkún, ó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn máa tì í, ọjọ́ yẹn ò tíì pé, ó débẹ̀ ó bá a pé wọ́n ti yí déètì padà sẹ́yìn, wọ́n ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó fi ara balẹ̀. Mo lọ sórí web.archive.org, Wayback Machine ni wọ́n ń pè é, àwọn Internet Archive tó wà ní San Francisco ló ni ín, Brewster Kahle ló dá a sílẹ̀ ní 1996, láti 2001 sì ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn Wayback Machine fún gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa ya àwòkọ ojú ewé pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á. Mo lẹ àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ yẹn síbẹ̀, ojú ewé ti tẹ́lẹ̀ jáde pẹ̀lú déètì àtijọ́ nínú ẹ̀ gbàgàdà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún un, ó mú un lọ, nígbà tó máa padà wá orin ló ń kọ lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ojú ewé ló máa wà níbẹ̀ ṣá, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lè ní kó bá yín pa ọ̀kan mọ́, Save Page Now ni bọ́tìnnì ẹ̀ ń jẹ́, gbogbo ojú ewé tówó mi bá wọ̀ ni mo ń ṣe é fún báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Olóòtú, ìròyìn tiyín dà? Mo ní búkmáàkì àwọn ìtàn ìlú tẹ́ ẹ kọ, ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ oríkì Ọ̀yọ́ àti ti ìlú wa níbí, mo ṣí i lóṣù tó kọjá, ó ní kò sí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Bébà ti 1859 tí wọ́n tẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Ìwé Ìròhìn, wọ́n ṣì ń rí àwọn kan nínú ẹ̀ kà lónìí, èyí tẹ́ ẹ kọ láìpẹ́ yìí ló ti di àwátì.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Lórí bébà ẹ ń fi sí i dáadáa, tó bá dórí íntánẹ́ẹ̀tì ó ti ṣí lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'oko gbina', ṣé oko àgbàdo ló jó ni, àbí ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn, àbí ọkọ ìyàwó? Mo mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n bíi lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún gbé ohùn lé e lórí, kò sí lẹ́tà tó dá wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni àmì ohùn yẹn gun ẹ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Tí fọ́ǹtì wẹ́bùsáìtì ò bá dáa, ọmọ á jábọ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Fọ́ǹtì tó dáa pọ̀ lóde báyìí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Láti tẹ̀ ẹ́ náà ò le mọ́, Yorùbá wà nínú Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà èmi ń lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí àwọn YorubaName, wẹ́bùsáìtì ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá, ṣe, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ yẹn. Wẹ́bùsáìtì wọn wà nínú búkmáàkì mi pẹ̀lú, torí kò sọ́sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní bi mí pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ ọmọ tí àwọn fẹ́ kọ sórí ìwé ìkómọ. Tẹ́ ẹ bá wá ń wá ọ̀rọ̀ lórí ojú ewé pẹ̀lú Ctrl àti F nínú Firefox, ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ Match Diacritics sí, ẹ fi àmì sí i, tẹ́ ẹ bá wá ọkọ̀, ọkọ̀ ló máa fún yín, kò ní lọ kó ọkọ ìyàwó dání. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kọ ọ́ dáadáa ká tó lè rí i wá.

Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ẹ béèrè káfẹ́ tó wà ní Under G tí wọ́n kun ní búlúù, ẹ gbé fóònù yẹn dání, mi ò ní gbowó. Rédíò ń kọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi àtàárọ̀, ẹ lè jókòó gbọ́ ọ kí n fi bá yín parí ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníkáfẹ́ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́